Owó mi ò pọ̀: ṣé ọkọ̀ tuntun kékeré ni kí n rà, àbí àlòkù tó dáa?

Arìnnàkò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìdílé èèyàn mẹ́rin ni mo fẹ́ ra ọkọ̀ fún. Nǹkan bí kìlómítà 15,000 la máa rìn lọ́dún, inú ìlú ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Owó tó wà nílẹ̀ lè ra àlòkù ọlọ́dún mẹ́jọ sí mẹ́wàá láìyáwó. Bí mo bá fi owó yẹn ṣe àsansílẹ̀, tí mo sì yá ìyókù, ó lè gbé ọkọ̀ tuntun kékeré. Èwo nínú méjèèjì ni kò ní di ẹrù sí mi lọ́rùn? Bó bá jẹ́ àlòkù, irú èwo ni kí n wá, irú èwo ni kí n sá fún, kí ni mo sì máa yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

OníṢírò

Ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í kí wọ́n tó fojú kan ọkọ̀ rárá. Iye tí wọ́n pe ọkọ̀ yàtọ̀ sí iye tí ọkọ̀ máa gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ìnáwó ọdún mẹ́ta sílẹ̀: ohun tí ọkọ̀ máa pàdánù lórí iye tí ẹ rà á, èlé orí owó tí ẹ yá, epo, adójútòfò àti owó ìwé, sáfíìsì, àti àtúnṣe òjijì.

Ọkọ̀ tuntun sábà máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún iye rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ nìkan. Èyí tí ẹ rà ní 100 lónìí, nǹkan bí 80 ló kù tí ọdún bá fi yípo. Àlòkù ọlọ́dún mẹ́jọ ti pàdánù tiẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ohun tó kù lára rẹ̀ kì í sì í tètè já wálẹ̀ mọ́.

Ní ti èlé, ẹ bi wọ́n bóyá orí gbogbo owó tí ẹ yá ni wọ́n ti máa ka èlé títí dé òpin, àbí orí èyí tó ṣẹ́kù lọ́rùn yín. Wọn ò jọra rárá. Ká ní ẹ yá 100 fún ọdún mẹ́ta, tí èlé jẹ́ 10 lọ́dún lórí gbogbo owó. 130 lẹ máa san, ìyẹn nǹkan bí 3.6 lóṣooṣù. Létí, ó dún bí èlé 10 nínú 100. Ṣùgbọ́n oṣooṣù lẹ ń dá owó wọn padà, wọ́n sì ń gba èlé lórí owó tí kò sí lọ́wọ́ yín mọ́. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ bó ṣe yẹ, èlé ọ̀hún sún mọ́ 18 nínú 100 lọ́dún.

Epo náà ń kọ́? Ọkọ̀ tó ń mu lítà 7 ní kìlómítà 100 máa jẹ lítà 1,050 lórí kìlómítà 15,000 yín. Èyí tó ń mu lítà 10 máa jẹ 1,500. Lítà 450 ló wà láàárín wọn lọ́dọọdún. Ẹ ṣírò iye lítà 450 lọ́dọ̀ yín kí ẹ tó ní ẹ́ńjìnnì ńlá wù yín.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù nìyí: bí 100 bá wà lọ́wọ́ yín, ọkọ̀ 80 ni kí ẹ rà. 20 tó kù ni owó táyà, bátìrì, bíréèkì àti ọ́ìlì oṣù àkọ́kọ́. Ẹni tó kó gbogbo owó rẹ̀ lé àlòkù lórí, bí bátìrì bá kú lọ́sẹ̀ kejì, ẹnu ọ̀nà ni ọkọ̀ máa wà.

Ilẹ̀kùnMárùn-ún

Ẹ̀gbọ́n OníṢírò, ìṣirò yín dúró, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dárúkọ wárántì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ló ń ní wárántì ọdún mẹ́ta tàbí kìlómítà 100,000, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Bí gíà bá kú láàárín ìgbà yẹn, àwọn ló máa tún un ṣe. Ẹni tí kò ní mẹkáníìkì tó ṣeé fọkàn tán, tí kò sì lè fara da kí ọkọ̀ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó nídìí tó fi lè sanwó fún ìbàlẹ̀ ọkàn.

OníṢírò

Òótọ́ lẹ sọ. Kí ẹni tó fẹ́ rà á ṣáà mọ̀ pé wárántì kì í bo táyà, páàdì bíréèkì, wáípà àti kíláàṣì, àti pé bí ẹ bá fo sáfíìsì kan, wọ́n lè fi kọ ẹ̀bẹ̀ yín.

Ohun kan tún wà tó ká mi lára nípa àwọn ọkọ̀ tuntun tí owó wọn rẹlẹ̀ jù: ààbò. Láwọn ọjà kan, èyí tó rẹlẹ̀ jù nínú wọn ń wá pẹ̀lú ẹ́ábáàgì méjì péré, láìní ESC. ESC ni ẹ̀rọ tó ń tẹ bíréèkì táyà kan ṣoṣo fúnra rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan láti orí ọkọ̀ ọdún 2012, ilẹ̀ Yúróòpù sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ tuntun láti oṣù kọkànlá 2014. Èyí túmọ̀ sí pé àlòkù 2014 tí wọ́n ṣe fún àwọn ọjà wọ̀nyẹn lè dáàbò bo ọmọ yín ju ọkọ̀ tuntun kan tó jáde lónìí lọ. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìtan ẹ́ńjìnnì: bí àwòrán ọkọ̀ kékeré tí ipa táyà rẹ̀ wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tó sì kú lẹ́yìn tí ẹ bá tan ọkọ̀, ESC wà níbẹ̀.

Fún owó tí ẹ sọ yìí, Arìnnàkò, àlòkù ni mo fara mọ́. Bí ẹ bá ráyè ṣe sùúrù kí owó pọ̀ sí i díẹ̀, ọlọ́dún mẹ́ta sí márùn-ún ló dáa jù: ó ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù, ọjọ́ ayé rẹ̀ sì ṣì pọ̀ níwájú.

Ọlọ́wọ́Irin

Ó ti yé wa pé àlòkù ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn tí àìsàn wọn ti hàn gbangba, torí orúkọ iléeṣẹ́ nìkan kì í gbani. Inú iléeṣẹ́ kan náà, ọdún kan lè dára, kí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ wàhálà.

Toyota Camry 2007 sí 2009 tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4 (2AZ-FE) máa ń mu ọ́ìlì. Ihò tí ọ́ìlì fi ń padà lẹ́yìn ríìngì písítìnì kéré, èédú dí i, ọ́ìlì wá ń jóná pẹ̀lú epo. Láti 2010 ni wọ́n ti fi ẹ́ńjìnnì 2.5 rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá rí Camry 2009 àti 2010 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí iye wọn ò jìnnà síra, ẹ mú 2010.

Honda Civic 2006 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009 tó ní ẹ́ńjìnnì 1.8: bílọ́ọ̀kì ẹ́ńjìnnì (irin ńlá tí sílíńdà wà nínú rẹ̀) àwọn kan máa ń sán, omi radiétọ̀ á máa jò níwájú ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, kí ẹ wá ipa omi tó ti gbẹ.

Hyundai Sonata àti Kia Optima láti 2011 tó ní ẹ́ńjìnnì Theta II (2.4 àti 2.0 onítọ́bò): èérún irin tó ṣẹ́kù sínú ihò ọ́ìlì nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹ́ńjìnnì lè dí ọ̀nà ọ́ìlì lọ sí bíárìn, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́kì. Wọ́n ti pe ọ̀pọ̀ wọn padà fún àtúnṣe. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí ìwé sì wà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Ford Focus 2012 sí 2016 àti Fiesta 2011 sí 2016 tó ní gíà PowerShift: ọ́tọ̀mátíìkì ló dà lójú, ṣùgbọ́n kíláàṣì gbígbẹ méjì ló wà nínú rẹ̀. Ó máa ń gbọ̀n tí ẹ bá fẹ́ gbéra, ó sì máa ń ṣiyèméjì nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ìlú lẹ̀yin sì ti máa wà á jù, ẹ má rà á. Èyí tó ní gíà ọwọ́ kò ní àìsàn yìí rárá, ó sì máa ń dínwó nítorí orúkọ tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bà jẹ́.

Nissan Altima 2013 sí 2016 àti Sentra 2013 sí 2017 tó ní gíà CVT (ọ́tọ̀mátíìkì tí kò ní ìpele): gbígbọ̀n, ooru àpọ̀jù, kí ó má sì fẹ́ gbéra mọ́. Nissan fúnra rẹ̀ fa wárántì gíà wọ̀nyí gùn.

Èyí tí mo lè ní kí ẹ wá? Corolla 2009 sí 2013 tó ní ẹ́ńjìnnì 1.8 (2ZR-FE). Ṣéènì ló fi ń yí káàmù (irin tó ń ṣí fáàfù), kì í ṣe bẹ́líìtì, èyí tó ní ọ́tọ̀mátíìkì sì jẹ́ gíà onípele mẹ́rin àtijọ́ tó rọrùn láti tún ṣe. Kò yára, inú rẹ̀ ò sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara rẹ̀ wà níbi gbogbo.

Sípánà14

Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́wọ́Irin, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba àkójọ yẹn bí òfin. Corolla tí wọn ò pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ fún kìlómítà 30,000 burú ju Altima tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì CVT rẹ̀ ní gbogbo kìlómítà 50,000 lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ìtàn ìtọ́jú ni ẹ ń rà. Ẹ béèrè ìwé: rìsíìtì ọ́ìlì, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà, ìgbà tí bẹ́líìtì tàbí wọ́tà pọ́ńpù wọlé.

Ẹ béèrè bóyá ẹ́ńjìnnì náà ní táímìn bẹ́líìtì, ìyẹn bẹ́líìtì rọ́bà tó ń yí káàmù. Ọ̀pọ̀ ń fẹ́ kí a pààrọ̀ rẹ̀ láàárín kìlómítà 100,000 sí 160,000, tàbí lẹ́yìn iye ọdún tí ìwé ọkọ̀ bá sọ. Honda V6 jẹ́ oníbẹ́líìtì. Accord onísílíńdà mẹ́rin láti 2003 jẹ́ oníṣéènì. Bí bẹ́líìtì bá já nínú irú ẹ́ńjìnnì tí písítìnì lè kan fáàfù, fáàfù á tẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Bí ọlọ́kọ̀ ò bá ní rìsíìtì bẹ́líìtì, ẹ kà á sí pé wọn ò tíì pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san.

Kìlómítà tó kéré kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó rìn 190,000 lójú ọ̀nà gbọọrọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbóná dáadáa nígbà púpọ̀ jùlọ. Ẹni tó rìn 70,000 láàárín ilé àti ọjà, kìlómítà méjì méjì, omi àti epo tó yí wọ ọ́ìlì rẹ̀ kì í ráyè gbẹ.

Wọ́n sì lè dá kìlómítà padà. Ẹ wo rọ́bà orí pẹ́dà bíréèkì, etí àga awakọ̀ níbi tí èèyàn ń gbà jókòó, àti awọ sítíárìn lókè. Bí dáṣíbọ́ọ̀dù bá ní 60,000, tí rọ́bà pẹ́dà ti jẹ títí irin fi yọjú, irọ́ wà níbì kan.

Arìnnàkò

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá dúró níwájú ọkọ̀ gan-an, láìsí irinṣẹ́ ńlá lọ́wọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ wò, kí ni kí n wò tẹ̀ lé e?

Àdùkẹ́_Ọkọ̀

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, òòfà kékeré tí a fi aṣọ tín-ín-rín wé, ìnura funfun, àti skáánà OBD (ẹ̀rọ kékeré tó ń ka kóòdù àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀) dání. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ, kí òjò má sì rọ̀, torí ara ọkọ̀ tó tutù máa ń bo ọ̀dà tí wọ́n tún fín mọ́lẹ̀.

Ara ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní igun ẹ̀yìn, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti ẹ̀yìn dé iwájú bí ẹni ń wo okùn tó gùn. Àlàfo àárín ilẹ̀kùn àti ara gbọ́dọ̀ dọ́gba látòkè délẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ fi òòfà sún ara ọkọ̀ ní etí irin tó yí táyà ká àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn: ibi tí kò bá ti mú un lára irin, bọ́dífílà (ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀) wà lábẹ́ ọ̀dà. (Bọ́ńpà jẹ́ ike, òòfà ò ní mú un, ẹ má fìyẹn dá wọn lẹ́bi.) Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo orí bóòtù tó mú fẹ́ńdà àti bónẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀dà orí bóòtù bá ti hó níbi tí sípánà ti dì í mú, wọ́n ti tú u rí. Ẹ béèrè ìdí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo irin gígùn méjì tó lọ síwájú lábẹ́ ẹ́ńjìnnì: ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, tí ọ̀nà ìjó rẹ̀ jẹ́ kókókó tí kò sì bá èkejì mu, ìyẹn ni ọkọ̀ tí sáàsì rẹ̀ ti gba ìkọlù. Èmi ò ní rà á, bó ti wù kó dínwó tó, torí ibi tó yẹ kó fà mọ́ra nígbà ìjàǹbá kò ní ṣe bó ṣe yẹ mọ́.

Ọkọ̀ tí omi ti bò rí ni mo bẹ̀rù jù, torí wọ́n ń fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ẹ fa bẹ́líìtì àga síta títí yóò fi tán pátápátá, kì í ṣe ìdajì. Ìlà omi àti ẹrẹ̀ máa ń wà ní apá tó ká sínú lọ́hùn-ún, níbi tí ọwọ́ ẹni tó fọ̀ ọ́ kò dé. Ẹ tún fi ọwọ́ wá ìsàlẹ̀ àga: bí irin tí àga ń sún lórí bá ti dógùn-ún nínú ọkọ̀ tí ìta rẹ̀ ń dán, ìbéèrè wà. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, kí ẹ yọ táyà àfirọ́pò, kí ẹ wo kòtò rẹ̀. Ẹ gbóòórùn inú ọkọ̀ pẹ̀lú fèrèsé títì, kí ẹ sì bẹ̀rù òórùn lọ́fínńdà tó lágbára jù.

Táyà: ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú kóòdù DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. 3519 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2019. Òpó kékeré àárín ihò táyà wà ní 1.6 mm, bí ojú táyà bá ti bá a dọ́gba, ó ti tán. Bí etí kan bá jẹ ju èkejì lọ, alááìnmẹ́ǹtì tàbí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló níṣòro.

Bí ẹ ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ka VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀: 17 ni àmì rẹ̀, kò sì sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀. Ti abẹ́ gíláàsì iwájú, ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ àti ti inú ìwé gbọ́dọ̀ bára mu. Lórí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ni ọdún: A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, títí dé H tó jẹ́ 2017 àti J tó jẹ́ 2018. Ẹ tẹ VIN yẹn wò lórí ojú-òpó ìpèpadà iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ́ábáàgì tí iléeṣẹ́ Takata ṣe ni mo ní lọ́kàn jù. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń ba ohun tó ń mú un bú jẹ́, a sì máa bú débi tí irin á fò lu ẹni tó jókòó. Bí ìpèpadà bá ṣì wà lórí rẹ̀, kí wọ́n ṣe é kí ẹ tó gbé ọmọ sínú rẹ̀.

Iná_Dáṣíbọ́ọ̀dù

Àǹtí Àdùkẹ́ dárúkọ skáánà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló ń rà á, tí wọ́n á kàn wò ó pé kò sí kóòdù, tí inú wọn á sì dùn.

Ẹ kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON. Iná check engine, ABS (bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà dì pa) àti ẹ́ábáàgì gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n sì kú lẹ́yìn tí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì. Èyí tí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí kí wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ọn.

Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa so skáánà mọ́ ihò OBD lábẹ́ sítíárìn. Kí ẹ tó ka kóòdù, ẹ ṣí ojú ewé "readiness monitors", ìyẹn àwọn àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti pa kóòdù rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn á kọ "not ready" tàbí "incomplete", títí ọkọ̀ yóò fi rìn káàkiri fún ìgbà díẹ̀. Ọkọ̀ tí kò ní kóòdù ṣùgbọ́n tí monitor mẹ́rin rẹ̀ ò tíì pé, ẹ sọ fún ọlọ́kọ̀ pé ẹ máa padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ó máa wà á. Bó bá kọ̀, ó ti dá yín lóhùn.

P0420 ń tọ́ka sí katalísítì (ohun tó ń fọ èéfín mọ́), ó sì wọ́n. P0300 ni sílíńdà tí kò jóná dáadáa. Ó lè jẹ́ pulọ́ọ̀gì lásán, ó sì lè jẹ́ fáàfù. P0700 wá láti ọ̀dọ̀ gíà, ẹ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ wo long term fuel trim pẹ̀lú, ìyẹn iye nínú 100 tí kọ̀ǹpútà ń fi kún epo tàbí yọ kúrò: láàárín +10 àti −10 dára; bó bá ju +15 lọ, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbì kan tàbí epo ò dé tó. Fóólítì: 12.6 nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, nǹkan bí 13.7 sí 14.7 nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Skáánà tún lè ka VIN tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Bí kò bá bá ti ara ọkọ̀ mu, wọ́n ti pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, tàbí nǹkan tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Sípánà14

Wíwà ọkọ̀ wò ló kù. Ẹ sọ fún ọlọ́kọ̀ ṣáájú pé kí ó má tan ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá dé, ẹ gbé ọwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì; bó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ dúró kó tutù. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná kì í sọ òótọ́ nípa ṣéènì tó ti dẹ̀, ọ́ìlì tó ń jò sínú sílíńdà àti bátìrì tó ti ń kú.

Nígbà tó ṣì tutù, ẹ ṣí ìdérí radiétọ̀. Omi gbọ́dọ̀ kún, kí àwọ̀ rẹ̀ hàn, kí ọ̀rá má léfòó lórí rẹ̀. Ẹ fa dípísíìkì ọ́ìlì, kí ẹ nù ún sórí ìnura funfun, kí ẹ sì wo abẹ́ ìdérí ọ́ìlì. Nǹkan funfun tó ń yọ̀ bí òrí níbẹ̀, pẹ̀lú omi radiétọ̀ tó ń dín kù, ń tọ́ka sí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa ìdérí dé, kí ẹ tan ọkọ̀, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn sílẹ́ńsà. Èéfín aláwọ̀ búlúù ni ọ́ìlì tó ń jóná. Dúdú ni epo tó pọ̀ jù. Funfun díẹ̀ láàárọ̀ jẹ́ omi lásán, ṣùgbọ́n funfun tó nípọn, tí kò dẹ́kun nígbà tí ọkọ̀ ti gbóná, tó sì ń rùn bí nǹkan dídùn, omi radiétọ̀ ló ń jóná.

Ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ fi gíà sí R, kí ẹ padà sí D. Ó yẹ kí ó dì mú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí méjì, láìfi ọkọ̀ gbá. Bó bá pẹ́, tàbí tó gbá bí ìgbà tí nǹkan kọ lu ọkọ̀ lẹ́yìn, gíà ti ń lọ. Ẹ wà á fún ìdajì wákàtí ó kéré tán. Ìṣòro CVT púpọ̀ kì í jáde àfi tí ọ́ìlì rẹ̀ bá ti gbóná. Ẹ wá òkè kékeré kan, kí ẹ dúró láàárín rẹ̀, kí ẹ tún gbéra. Ẹ wá ibi gbalasa, kí ẹ yí sítíárìn dé òpin, kí ẹ máa lọ yíká díẹ̀díẹ̀: kẹ́-kẹ́-kẹ́ láti apá kan ni CV jọ́ìntì (oríkèé irin tó ń gbé agbára lọ sí táyà). Ariwo hùùù tó ń pọ̀ bí eré ṣe ń pọ̀, tó sì yí padà nígbà tí ẹ bá tẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì, bíárìn táyà ni. Ní ibi tí ojú ọ̀nà dán, ẹ tú ọwọ́ lórí sítíárìn fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń fà sápá kan.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, kí mẹkáníìkì tiyín gbé e sókè kí ẹ tó sanwó. Kí ó wọn compression sílíńdà (bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó) bó bá ṣeé ṣe. Ìyàtọ̀ àárín sílíńdà tó ga jù àti èyí tó rẹlẹ̀ jù kò yẹ kó ju nǹkan bí 15 nínú 100 lọ. Ọlọ́kọ̀ tó bá kọ̀ kí mẹkáníìkì yín wò ó, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Arìnnàkò

Ẹnì kan ń rọ̀ mí kí n mú Prius, háíbíríìdì Toyota tó ń lo epo àti bátìrì, torí epo. Kí lẹ rí sí i?

Ọlọ́wọ́Irin

Inú ìlú ni ó ti ń gbádùn jù, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì ló ń dá agbára padà sínú bátìrì. Nínú Prius 2004 sí 2009, bátìrì ńlá rẹ̀ jẹ́ módù (bátìrì kéékèèké) 28 tí wọ́n so pọ̀, fóólítì 201.6. Tí ọ̀kan bá kú, iná á tàn fún gbogbo rẹ̀. Àwọn kan máa ń pààrọ̀ módù kan ṣoṣo tà á. Ìyókù ti gbó bákan náà, kò ní pẹ́ kí òmíràn tó kú. Ẹ wo ihò afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀yìn: bí irun àti eruku bá dí i, bátìrì ti ń gbóná láìmọ̀. Ti 2010 sí 2015, ihò EGR rẹ̀ (ọ̀nà tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì) ni kí ẹ béèrè nípa rẹ̀, torí èédú tó dí i máa ń wà lára ohun tó ń fa tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó jóná. Tí kò bá sí ẹni tó mọ háíbíríìdì nítòsí yín, ẹ fi í sílẹ̀. Epo tí ẹ máa fi pamọ́ lè má tó owó bátìrì kan.

Arìnnàkò

Ó ti yé mi. Ẹ bá mi wo méjì yìí: Corolla 2012, kìlómítà 190,000, rìsíìtì sáfíìsì rẹ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀. Corolla 2012 kejì, 95,000, kò sí ìwé kankan, ara rẹ̀ ń dán, wọ́n sì pe é ní owó tó ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀.

Àdùkẹ́_Ọkọ̀

Ẹ fi rọ́bà pẹ́dà èkejì wé ti àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá jọra, ẹ ti mọ èyí tó ń purọ́.

OníṢírò

Àkọ́kọ́ ni mo mú. Ẹ tún gba ìdínwó pẹ̀lú ohun tí ẹ bá rí: ẹ kọ ẹ̀yà tí ó nílò àti iye rẹ̀ sórí bébà, kí ẹ gbé bébà náà síwájú ọlọ́kọ̀. Má ṣe fi àsansílẹ̀ kankan ránṣẹ́ kí ẹ tó rí ọkọ̀ àti ìwé rẹ̀ papọ̀, kí orúkọ inú ìwé sì jẹ́ ti ẹni tó ń gba owó.

Sípánà14

Èmi náà, àkọ́kọ́. Tí ẹ bá ti gbé e délé, ẹ má dúró de ariwo kankan. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì: 0W-20, lítà 4.2 pẹ̀lú fílítà tuntun. Fílítà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì àti ti inú ọkọ̀. Ọ́ìlì bíréèkì, DOT 3, tó bá ti ju ọdún méjì lọ. Ọ́ìlì gíà: ẹ kàn tú èyí tó wà nísàlẹ̀ jáde, kí ẹ dá iye kan náà padà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí nínú gíà tó ti rìn tó báyìí, ó lè gbé ìdọ̀tí tó ti jókòó lọ dí fáàfù. Lẹ́yìn kìlómítà 1,000, ẹ fa dípísíìkì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ kọ ibi tí ọ́ìlì wà sílẹ̀. Bó bá ti kúrò lójú ìlà òkè lọ sí ti ìsàlẹ̀ láàárín kìlómítà yẹn, ẹ tètè padà síbí pẹ̀lú nọ́ńbà náà.